Ohun Tó Sá Pamọ́ sí Ìparí Ìlà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Tíṣà ní gbogbo àwa tí a ti ka ìwé kejì tán ní kíláàsì àgbà gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa sílẹ̀, ó kéré tán fún oṣù kan. Ó wá yíjú sí mi, ó ní èmi nìkan ni òun fẹ́ kìlọ̀ fún: mi ò gbọdọ̀ fi òwe kankan sínú ìwé mi. Ó ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí. Bàbá Télọ̀, tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi, ní bí wọ́n bá gba òwe lọ́wọ́ Ìyá Akọ̀wé, kí ni yóò kù tí yóò fi máa sọ̀rọ̀? Orúkọ tó fún mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi láìwo pátákó.

Ohun tí ojú mi rí lónìí nìyí. Adúmáadán dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ọmọ ọmọ mi ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ ojú tọrọ nǹkan bíi tirẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ìyá àti ọmọ, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ló ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò, ó sì pé ní òpin oṣù yìí. Iṣẹ́ kan ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá kí wọ́n gbà á: kọ̀ǹpútà yóò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ìyá kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ bá ku ọ̀la. Àwọn ìyá kì í wá dáadáa. Dókítà obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ dà bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́.

Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.”

Èmi tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé títí di èṣí. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kó lè tún un sọ.

Ó gbé fláàṣì kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń kà wà nínú rẹ̀, ìlà kan, àṣẹ kan. Ní ibi márùn-ún, ó fi àmì méjì síbẹ̀, ó fi àárín wọn sílẹ̀ lófìfo. Inú àlàfo yẹn ni kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sí, lórí kọ̀ǹpútà kíláàsì wa, kí ọwọ́ mi lè mọ́ ọn. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Mo ní ṣé ó rí mi bí ẹni tó máa ń fọwọ́ kan ohun mìíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀, èjìká mi sì ń dùn mí bí ẹni tó fọ aṣọ ilé mẹ́ta.

Èyí tí mo kọ fún àwọn tí ọjọ́ wọn ku ọ̀la ni: “Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọ̀la ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá, à ń retí yín. Bó bá sunkún díẹ̀, kò burú. Ṣé ẹ̀yin náà ti rí nǹkan jẹ?”

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ti àwọn tó pa ọjọ́ wọn jẹ. Mo rántí ìgbà tí mo gbé ìyá Adúmáadán lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì kan bú mi níwájú gbogbo ènìyàn, tí mi ò sì padà lọ síbẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó kù báyìí: “Ìyá ọmọ, a ò rí yín. Kò sí ẹni tí yóò bá yín wí. Ẹ ṣáà gbé e wá.”

Tíṣà bá mi tẹ ibi tí yóò fi pa á mọ́. Mi ò fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Búrẹ́dì ti tún gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Mo fún Adúmáadán ní fláàṣì náà, ó fi ẹnu kò mí ní iwájú orí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́.

Adúmáadán ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé àṣẹ náà ló ń sọ ẹni, ìyẹn ètò kan nínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò pè kó wá ka ìyókù. Kọ̀ǹpútà ní ẹni yẹn kò sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ sì rèé ó wà, ètò yẹn kan náà ló ń ka àwọn ìwé yòókù lójoojúmọ́. Mo ní ṣé ó ti pè é dáadáa. Ó ní ó ti pè é dáadáa. Mo ní bóyá ó ń bínú. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í bínú, Màmá, àwa là ń bínú.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí Dókítà yóò mú àwọn tó fún wọn ní kọ̀ǹpútà náà wá wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ó tún ìlà àkọ́kọ́ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn gbà. Ni ìlà kejì bá kọ̀. Àṣẹ yìí kò sí, ni kọ̀ǹpútà wí. Ìlà kẹta, àṣẹ yìí kò sí. Àṣẹ tó ti ń lò láti oṣù méjì.

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e wálé. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, a jọ kà á, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ìka tọ̀ ọ́. Kò sí lẹ́tà tó yẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni mo rò pé mo rí, èérún búrẹ́dì ni.

Mo bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ mi ló gùn jù. Ó ní rárá, ó sì sọ ọ́ kíákíá. Òwe kan wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Àwọn àlejò wá. Kọ̀ǹpútà dójú tì í.

Kò sọ ọ́ fún mi pọ̀. Ó ní nígbà tí òun fipá mú un kó fi ọ̀rọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ, ìparí gbólóhùn padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gun orí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ fi dà bí aṣọ tí ẹnìkan rán lé aṣọ mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà, èyí tó dà bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́, nítorí ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ní òpin oṣù, àwọn yóò mọ èyí tí àwọn yóò ṣe.

Kò jẹun. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń tú irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí mo tú u dé ìdajì, ó ti sùn. Mo fi ìdajì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má baà jí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ti rí i. Mo mọ̀ láti ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ní àṣẹ kan wà tí a lè fún kọ̀ǹpútà pé kó fi gbogbo ohun tó wà nínú ìwé hàn, títí kan ohun tí ojú kì í rí. Òun kò rò ó tẹ́lẹ̀ nítorí pé ojú òun kò rí àléébù kankan. Ó pa á láṣẹ. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì kan jókòó síbẹ̀ tó sá pamọ́. Ó ní bí ìlà bá parí, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wọn máa ń fi àmì kan ṣoṣo síbẹ̀, pé kí a sọ̀kalẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń fi méjì síbẹ̀: kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì sọ̀kalẹ̀. Tiwọn kò mọ àmì àkọ́kọ́ yẹn sí ìparí ìlà. Ó rò pé lẹ́tà ni, ó kà á mọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wá di ohun tí kò mọ̀ rí.

Mo ní taipuráítà nìyẹn.

Ó wò mí. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ àgbà tó ti lọ fi taipuráítà kọ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì jókòó tì í títí mo fi mọ ìró ẹ̀rọ náà ju ìró ohùn rẹ̀ lọ. Bí ìlà bá parí, agogo á dún, á fi ọwọ́ òsì ti orí ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìwé á sì yí sókè. Ohun méjì ni. Bó bá padà láìjẹ́ kí ìwé yí, á tẹ ọ̀rọ̀ lé orí ọ̀rọ̀.

Adúmáadán ní ibẹ̀ gan-an ni àmì náà ti wá, láti ara taipuráítà, pé wọ́n kàn gbé e wọ kọ̀ǹpútà ni. Ó ní òun lo ọjọ́ márùn-ún lórí ohun tí mo fi ìṣẹ́jú kan mọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì lórí iná, ó gbẹ tán.

Mo wá béèrè bí àmì náà ṣe dé inú ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, Màmá.” Ó sì ń wo ojú fèrèsé.

Mo mọ ọrùn yẹn bó bá yí sí fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo bi Tíṣà ní kíláàsì pé bí ìlà bá parí lórí kọ̀ǹpútà wa, ṣé ẹyọ kan ló máa ń fi síbẹ̀ tàbí méjì. Ó ní òun kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá a kiri. Ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ní igun ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀. Méjì ni.

Ó kọ ọ́ sí ojú wa láti ọjọ́ tí a ti ń jókòó níwájú rẹ̀.

Mi ò lè ka ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá Télọ̀ bi mí kí ló ṣe mí, mo sì sọ fún un, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sọ pé òun ti rán apá òsì méjì mọ́ kóòtù ọkọ ìyàwó rí, kò sí apá ọ̀tún kankan, òwúrọ̀ ìgbéyàwó gan-an sì ni. Mo ní kí ni ọkọ ìyàwó ṣe. Ó ní ó wọ̀ ọ́, ó kàn ń rìn bí ẹni tí ìjì ń tì ni.

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó wo pátákó títí mo fi nu ojú tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo bi í kó tó jáde láàárọ̀. Mo ní ṣé ìwé tí mo tẹ̀ ni. Ó jókòó padà.

Ó ní, “Màmá, ẹ ò ṣe ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe. Bí ẹ ti ń pa á mọ́, ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ló yí ìparí gbogbo ìlà padà. Èmi ló yẹ kí n mọ̀.”

Mo béèrè ohun tó sọ fún Dókítà. Ó ní òun sọ pé òun ló tẹ ọ̀rọ̀ náà, lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan. Kò dárúkọ mi rárá. Ó ní Dókítà ti béèrè ẹ̀rọ wo, níbo, òun kò sì rí ìdáhùn tó dáa fún un, ó sì ń wo òun báyìí bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Ó parọ́ nítorí mi, irọ́ náà sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo wọ bàtà mi tó dáa, mo lọ.

Ilé ìwòsàn náà mọ́. Wọ́n ya ẹja sí ara ògiri, àwọn àga gígùn wà lẹ́bàá fèrèsé, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ wà lórí tábìlì pẹ̀lú aṣọ funfun nínú. Mo sọ fún akọ̀wé ẹnu ọ̀nà pé mo fẹ́ rí Dókítà. Ó ní ọmọ mélòó ni mo gbé wá. Mo ní ẹyọ kan, ó ti dàgbà, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín ló wà.

Dókítà kéré ju bí mo ti rò lọ, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga tirẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo bó ṣe rí: fláàṣì, kíláàsì, ìka kan ṣoṣo, àmì méjì. Mo ní bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ kúrò, èmi ni, bẹ́ẹ̀ èmi kò sí níbi iṣẹ́ yìí, kò sì sí ibi tí wọ́n lè lé mi kúrò.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Adúmáadán. Ọmọ náà wọlé, ó rí mi, ojú rẹ̀ bàjẹ́.

Dókítà bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Àṣìṣe náà kò dùn mí. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Àmọ́ ọmọ-ọwọ́ ni à ń tọ́jú níbí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, tí ẹ bá sọ pé ibòmíràn ló ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni mo máa lọ tún ṣe, ibi tó bàjẹ́ á wà bẹ́ẹ̀.”

Adúmáadán ní, “Mo tọrọ àforíjì, mà. Mi ò fẹ́ kí ojú tì í.”

Dókítà wò mí. Ó ní, “Ṣé ojú ń tì yín, Màmá?”

Mo ní, “Ó tì mí lánàá. Lónìí mo ti rin ẹsẹ̀ wá síbí.”

Ó ní kí Adúmáadán kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó sì wá ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa yọ àmì yẹn kúrò nínú ìwé tó bá wọlé kó tó kà á, ẹnikẹ́ni ì báà tẹ̀ ẹ́, níbikíbi. Kò sọ bóyá yóò gbà á tàbí kò ní gbà á. Bí mo ti ń jáde, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ náà, kí òun kà á.

Ní ojú ọ̀nà, Adúmáadán ń rìn níwájú. Nígbà tí a dé ibi gọ́tà tí wọ́n gbẹ́, ó dúró, ó na ọwọ́ sí mi láìwo ẹ̀yìn.

Ó ní, “Ẹ ò jẹ́ kí n gbà yín là.”

Mo ní, “Ta ló ń rì?”

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti wá ọgbọ́n náà. Láti dán an wò, ó ní kí n tún tẹ ìwé kan fún òun ní kíláàsì, láìsí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nínú rẹ̀, kí n bà á jẹ́ bí mo ti bà á jẹ́ lọ́jọ́sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò ní kí n ba nǹkan jẹ́. Mo fara balẹ̀ bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn gbà á, ó yọ gbogbo àmì náà dànù, ó ka ìyókù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Télọ̀ ní kí n gba owó iṣẹ́ ìbàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Dókítà fẹ́ lo ọ̀rọ̀ mi. Ó yọ ìbéèrè nípa oúnjẹ kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ orí fóònù ní gígùn tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó tún fẹ́ yọ “ẹ kú ọwọ́ lómi”. Mo ní kí Adúmáadán sọ fún un pé bí a bá wọ ilé ọlọ́mọ tuntun láìkí i, kí a má wọ̀ ọ́ rárá. Ó fi í sílẹ̀.

Ti àwọn tó pa ọjọ́ wọn jẹ, kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Kò sí ẹyọ kan tó padà. Ara Adúmáadán kò balẹ̀, ó ní pé kó lọ kò túmọ̀ sí pé wọn yóò wá. Ọ̀la ni abẹ́rẹ́, ọ̀la náà ni oṣù mẹ́ta rẹ̀ pé. Mo lọ aṣọ rẹ̀, mo tún un lọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Mo bá a lọ. Mo ní mo fẹ́ jókòó díẹ̀ ni.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àga gígùn ti kún, àwọn ìyá dúró títí dé ẹnu géètì, igbe ọmọ gba gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì kan ń bi èkejì pé ibo ni gbogbo wọn ti wá. Dókítà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú àpò ìwé lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní òun ti fọwọ́ sí i: wọ́n gba Adúmáadán síṣẹ́, àmọ́ ìwé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ tún bá fláàṣì jáde. Mo ní mo gbọ́. Ó ti lọ kí n tó dìde.

Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, kò lè ju ogún ọdún lọ, ọmọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ àwọ̀ ewé. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ. Mo kí i. Ó ní oṣù méjì ló fi pẹ́, pé ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, wọ́n fọ̀rọ̀ gún un lára, ó sì búra pé òun kò ní wá mọ́. Mo ní kí ló wá gbé e wá. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó kà á fún mi, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ariwo: a ò rí yín, kò sí ẹni tí yóò bá yín wí.

Ó ní, “Èmi náà kò mọ ẹni tó kọ ọ́, Màmá. Mo kà á, mo sunkún. Mo wá wò ó bóyá òótọ́ ni.”

Gbogbo òwe ayé wá sí mi lẹ́nu. Mi ò sọ ọ̀kankan, mi ò sì sọ pé èmi ni. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá kọ ìwé. Ó wo ọmọ, ó wo káńtà. Mo na ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì tó fún un ní bírò kò bá a wí. Mo ṣọ́ ẹnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ náà wúwo, ó ń mí gbígbóná sí mi lọ́rùn. Kí ìyá rẹ̀ tó padà, ó ti tọ̀ sí mi lára láti àyà dé orúnkún. Adúmáadán yọjú láti yàrá kọ̀ǹpútà, ó rí mi, ó fẹ́ sáré wá gbà á. Mo mi orí sí i pé kó fi wá sílẹ̀.